Bí awọ bá ń pààrọ̀ lóṣooṣù, kí ló dé tí pélé ìyá mi ò parẹ́?

Ìyá Télọ̀ Ẹ̀pẹ́ | 12 Oṣù Keje, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan dé bá mi nílé lónìí tí mi ò rí ojútùú ẹ̀. Mo ní kí n gbé e wá síbí kí ojú má bàa tì mí níwájú ọmọ mi.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS3 ló ń bá ìyá mi wẹ̀yìn nírọ̀lẹ́. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọwọ́ wọn ò tó ẹ̀yìn mọ́. Ó ń fi kànrìnkànrìn ha ẹ̀yìn wọn, èérí ń ká jọ tín-ín-tìn-tín bí òwú dúdú, ló bá pariwo: "Màmá, awọ yín ló ń ṣí yìí o! Tíṣà wa ní gbogbo awọ òkè ara èèyàn ló ń pààrọ̀ láàárín bí oṣù kan." Mo ní ó dáa. Ó wá yí sí iwájú wọn, ó wo pélé mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, ó ní: "Tó bá ń pààrọ̀ lóṣooṣù, kí ló dé tí èyí ò tíì lọ láti bí ọgọ́rin ọdún?"

Mi ò ní èsì. Ìyá mi ló dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Olóólà tó kọlà fún mi ò lo bírò."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ gbà mí. Aṣọ ni mo mọ̀, mi ò mọ awọ.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ | 12 Oṣù Keje, 8:52 alẹ́

Ẹ kú ilé o, mà. Ìyá yín ti dáhùn ẹ̀ tán. Ohun tí wọ́n fi gbólóhùn kan sọ yẹn, ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi kọ́ wa.

Awọ tí à ń wò yìí, ìpele méjì ni, ọ̀rá wá wà lábẹ́ méjèèjì. Ti òkè tín-ín-rín gan-an. Lórí ìpéǹpéjú, kò nípọn tó ìwé tọ́mọ yín fi ń kọ nóòtì. Ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó lè ju mílímítà kan lọ. Ìsàlẹ̀ ìpele òkè yìí niṣẹ́ wà. Sẹ́ẹ̀lì tuntun ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́, tuntun ń ti èyí tó ṣáájú ẹ̀ sókè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń kún fún kẹ́rátínì, ìyẹn nǹkan líle tó di irun, tó di èékánná. Kó tó dé òkè, ó ti kú. Ohun tọ́mọ yín ha kúrò lẹ́yìn ìyá yín, òkú sẹ́ẹ̀lì ni, òun pẹ̀lú epo ara, òógùn àti eruku. Ìrìn yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ti àgbàlagbà a máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà ò parọ́.

Ìpele kejì ni kì í pààrọ̀ báyẹn. Ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà. Gbòǹgbò irun, ihò òógùn, àwọn okùn tó ń gbé ìròyìn lọ sọ́pọlọ, gbogbo ẹ̀ ibẹ̀ ni. Ohun tó so ó ró ni kólájínì, fọ́nrán líle tó hun mọ́ra, èyí ń lọ síbí, tọ̀hún ń lọ sọ́hùn-ún. Abẹ olóólà gba ìpele òkè kọjá, ó dé ibẹ̀. Ọgbẹ́ ń kánjú, ara náà ń kánjú: ó da kólájínì tuntun dí i, àmọ́ kò hun ún bíi ti tẹ́lẹ̀, ó tò ó sójú kan ni. Ohun tí à ń pè ní àpá nìyẹn. Lóṣooṣù, awọ òkè tuntun ń bò ó, ó sì ń tẹ̀lé ojú kòtò náà lọ. Ẹ wo ilé alámọ̀ àtijọ́. Ẹ lè kun ún lọ́dà lọ́dọọdún, ibi tí ògiri ti gé, ọ̀dà á kàn wọnú ẹ̀ ni. Kò ní dí i.

---

Ọmọ Pópó-Ọba | 12 Oṣù Keje, 8:57 alẹ́

"Olóólà tó kọlà fún mi ò lo bírò." Mo ti fi ṣe status o. Ẹ bá mi kí Màmá.

---

Ìyá Télọ̀ Ẹ̀pẹ́ | 12 Oṣù Keje, 9:10 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Ó yé mi dáadáa. Bí aṣọ bá lu, tí mo fi òwú dí ojú ihò, kò sí bí mo ṣe lè lọ̀ ọ́ tó, ojú òwú ẹ̀ ò ní rìn bíi ti aṣọ. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á rí i.

Kí n wá béèrè bíi télọ̀: ọ̀pá mélòó ni awọ èèyàn?

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì | 12 Oṣù Keje, 9:31 alẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n, ìyá wa. Àgbà tí kò sanra jù, awọ ẹ̀ tó mítà onígun-mẹ́rin kan ààbọ̀ sí méjì. Ọ̀pá áńkárá kan, bó ṣe fẹ̀ tó lójú, sún mọ́ mítà onígun-mẹ́rin kan. Ẹ kà á sí ọ̀pá méjì. Kò sí gèlè níbẹ̀ o.

Ọ̀pá méjì yìí ló ń dí omi mọ́ wa nínú, tó ń lé kòkòrò àìsàn dúró síta. Òun náà ló ń gba oòrùn ṣe fítámì D. Ihò òógùn inú ẹ̀ tó mílíọ̀nù méjì sí mẹ́rin. Òógùn fúnra ẹ̀ ò tu èèyàn lára, gbígbẹ tó bá gbẹ kúrò lára ló ń gbé ooru lọ. Ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í tù wá létí ọ̀sà níbí nígbà tí ìkùukùu bá ṣú tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́: afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, òógùn kàn ń ṣàn lásán ni, kò ríbi gbẹ sí. Ẹ dúró de ọyẹ́, ẹ óò rí i pé ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ làágùn rárá.

---

Ọmọ Ìkòròdú | 12 Oṣù Keje, 10:05 alẹ́

Mo fẹ́ bá Nọ́ọ̀sì jà díẹ̀. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún mi láyà ní kékeré. Kò jìn rárá, kò tiẹ̀ sí kòtò níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á. Ṣùgbọ́n ó dúdú kirikiri títí dòní, mo sì ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ṣubú lórí kọnkéré lọ́dún tó kọjá, awọ bó lórúnkún ẹ̀ yanturu, ẹ̀jẹ̀ ń kán, lónìí ẹ ò ní mọ ibi tó ti bó. Ọ̀rọ̀ ìjìn yín dà?

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì | 12 Oṣù Keje, 10:40 alẹ́

Ìjà yín dùn mọ́ mi. Nǹkan méjì ló wà nínú gbẹ́rẹ́.

Àkọ́kọ́ ni àwọ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ìpele òkè ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹ́lánínì wà. Wọn ò pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn na apá bí aláǹtakùn, ó ń pín hóró mẹ́lánínì fún àwọn sẹ́ẹ̀lì àdúgbò ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbà á á kó o lé orí kókó inú ara ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ṣí agboòrùn lórí ọmọ, kí oòrùn má bàa ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu: iye sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lára aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó. Hóró tiwa ló tóbi, tó pọ̀, tó sì ń pẹ́ kó tó tú. Àfín náà ní sẹ́ẹ̀lì yẹn pé. Iṣẹ́ ni kò rí ṣe, torí èròjà tó yẹ kó fi ṣe mẹ́lánínì kò pé lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá gbóná lára dúdú, mẹ́lánínì a máa já sí ìpele kejì. Ibẹ̀ kò sí nínú ìrìn olóṣooṣù yẹn, ó lè pẹ́ gan-an níbẹ̀.

Ìkejì ni ẹ̀tù. Ṣebí wọ́n fi ẹ̀tù dúdú ra ojú gbẹ́rẹ́ yín? Nǹkan jíjó lúbúlúbú ni. Ó wọnú ìpele kejì, àwọn ọlọ́dẹ ara gbé e mì, wọn ò lè lọ̀ ọ́, wọn ò sì lè gbé e jáde, ni wọ́n bá jókòó tì í. Bí àwọn tó ń fín ara ṣe ń fi abẹ́rẹ́ tẹ dúdú sínú awọ náà nìyẹn. Ẹ ti fín ara láìmọ̀.

Ọmọ yín tó bó lórúnkún, ìpele òkè ló bó lọ jù. Gbòǹgbò irun àti ihò òógùn tó kù nísàlẹ̀ ló hù ú padà.

(Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Tíṣà ní kẹ́ ẹ lọ kọlà fọ́mọ o. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kọ̀ ọ́, ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007.)

---

Ọmọ Ìkòròdú | 12 Oṣù Keje, 10:46 alẹ́

Mo gbà. Ẹ̀tù ni lóòótọ́. Bàbá mi ló fi ìka ra á, mo rántí òórùn ẹ̀.

---

Ọmọ Ẹlẹ́ja Olúwo | 13 Oṣù Keje, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ọjà Olúwo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìyá mi ń ta ẹja, èmi ni mo ń họ ìpẹ́ bí mo bá ti dé láti iléèwé. Mo ní ìbéèrè kan àti ẹ̀rí kan.

Ìbéèrè: kí ló dé tí ìka fi ń hunjọ bí ti arúgbó téèyàn bá pẹ́ nínú omi? Ìyá mi ní omi ló wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n apá mi náà wà nínú omi yìí, kì í hunjọ. Ìka àti ẹsẹ̀ nìkan ni.

Ẹ̀rí: Nọ́ọ̀sì ní èékánná àti irun, kẹ́rátínì ni. Ìpẹ́ ẹja náà ńkọ́, ṣebí bákan náà ni? Téèyàn bá mú ìpẹ́ ẹja mọ́ oòrùn, bí èékánná ló rí, ó ń dán, ó sì ń rí kọjá.

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì | 13 Oṣù Keje, 7:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Kí n tó wọ kíláàsì.

Omi kọ́ ló ń hun ìka. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ ẹ̀. Bí ìka bá pẹ́ nínú omi, àṣẹ á wá gba okùn ìmọ̀lára, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí ìka á fún, ẹran abẹ́ á súnkì, awọ òkè tó wà lórí ẹ̀ á wá ṣẹ́ léra. Báwo la ṣe mọ̀? Ẹni tí okùn ìmọ̀lára ìka ẹ̀ bá ti gé, bó jókòó sínú omi dalẹ́, ìka yẹn á dán bọ̀rọ́. Àwọn dókítà kan tiẹ̀ máa ń fi ṣàyẹ̀wò bóyá okùn yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní ó ń jẹ́ kọ́wọ́ di nǹkan tútù mú dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di ẹja mú ló yẹ kó sọ fún wa.

Ẹ̀rí yín ni mo máa yí dànù. Ìpẹ́ ẹja ò bá èékánná tan. Ìbátan egungun àti eyín ni, inú ìpele kejì ló sì ti ń hù. Ẹranko tí ìpẹ́ ẹ̀ jẹ́ èékánná gangan ni akika. Ìwo màlúù lóde, pátákò, ìyẹ́ adìyẹ, kẹ́rátínì ni gbogbo wọn.

Ẹni tó ń fi owó ńlá ra ìpẹ́ akika ṣe oògùn, tí wọ́n fẹ́ pa ẹranko ọ̀hún run torí ẹ̀, ì bá gé èékánná ara ẹ̀ lọ̀ mu. Nǹkan kan náà ni.

---

Ọmọ Ẹlẹ́ja Olúwo | 13 Oṣù Keje, 7:15 àárọ̀

Háà. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń họ ìpẹ́.

Di ẹja mú kẹ̀? Bí ọwọ́ ò bá tíì hunjọ, òbòkún á yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ ni. Tó bá ti hunjọ tán, kò lè lọ mọ́. A ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, a ò kàn mọ̀ pé ọpọlọ ló ń ṣe é.

---

Gbajámọ̀ Ayétòrò | 13 Oṣù Keje, 1:30 ọ̀sán

Ẹ ti fi irun sílẹ̀, ó sì jẹ́ òun gan-an ni tèmi. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gẹrun. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíléèdì fá irùngbọ̀n, irun ẹ̀ á le, á ki. Ojú mi ló ṣe.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ | 13 Oṣù Keje, 2:11 ọ̀sán

Bọ̀dá Gbajámọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ojú yín rí i lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bíléèdì ló fà á. Irun tó jáde síta ti kú, kò gbọ́ròó abẹ. Ẹ gé e, ẹ jó o, kò ní mọ̀. Ìdí ẹ̀ nìkan ló ń dùn wá téèyàn bá fà á. Inú ihò, nísàlẹ̀, ló ti ń hù, abẹ yín ò dé ibẹ̀. Irun tí ò tíì rí abẹ rí, orí ẹ̀ rí ṣóńṣó. Tẹ́ ẹ bá gé e, orí ẹ̀ á di pẹlẹbẹ bí igi tí wọ́n fi ayùn gé, ìyẹn ló ń gún ọwọ́ tó dà bíi pé ó ki. Àti pé ọmọkùnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ irùngbọ̀n, á ki náà ni bó dàgbà, ó fá a o, kò fá a o.

---

Gbajámọ̀ Ayétòrò | 13 Oṣù Keje, 2:20 ọ̀sán

Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tẹ́ ẹ ò ní lè já ní koro. Bọ́m̀pù. Gbogbo ẹni tó bá sọ fún mi pé "bọ̀dá, fá a kó dán", ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ ọrùn wọn á ti yọ kókó. Irun wa ń ká. Tẹ́ ẹ bá gé e kù sábẹ́ awọ, bó ṣe ń bọ̀ ló ń ká padà, á gún ara wọlé, ara á ro pé ẹ̀gún ni. Mo kì í fá a kanlẹ̀ mọ́. Kílípà, mo fi díẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ń bínú lọ, wọ́n sì ń padà wá.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ | 13 Oṣù Keje, 2:26 ọ̀sán

Èyí tòótọ́ ni, mi ò ní nǹkan kan fi kún un. Ihò irun wa fúnra ẹ̀ ló tẹ̀ nínú awọ, òun ló ń mú kí irun ká.

---

Onídìrí Òdò-Ẹ̀gìrì | 13 Oṣù Keje, 9:48 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Àwọn obìnrin máa ń sọ fún mi pé "fún un dáadáa kó lè pẹ́", mo sì máa ń fún un, torí tí mi ò bá fún un wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Oníbàárà mi kan wà, kò fi àtàṣímẹ́ǹtì sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣègbéyàwó. Bí mo bá dì í tán, ojú ẹ̀ á fà sókè tí kò fi ní lè dijú, ọjọ́ kejì á yọ róró wẹẹrẹ létí irun. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn ni mo rí i pé iwájú orí ẹ̀ ti ń sá. Níbi tí irun wà tẹ́lẹ̀, ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ó ní ogun ilé ọkọ ni. Mi ò lè sọ fún un pé ọwọ́ mi ni.

Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ṣì lè hù?

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ | 13 Oṣù Keje, 10:30 alẹ́

Àǹtí mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi bí irun ṣe ń gbé ayé ẹ̀ ṣàlàyé.

Irun orí tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000. Wọn kì í rìn pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tiẹ̀: á dàgbà fún ọdún méjì sí mẹ́fà, á dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á sinmi bí oṣù mẹ́ta, á já bọ́, òmíràn á hù nínú ihò kan náà. Nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ló ń já lójúmọ́ lórí ẹni tára ẹ̀ le. Nítorí náà, ẹni tó bá rí irun lára kóòmù kó má pariwo àjẹ́. Bó ti ń dàgbà, bíi sẹ̀ǹtímítà kan ni lóṣù, tiwa tiẹ̀ máa ń dín díẹ̀.

Bí irun bá ń fà á lójoojúmọ́, ihò náà á gbóná, róró tẹ́ ẹ rí yẹn nìyẹn. Ní ìpele yẹn, tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀, á hù. Tí ọdún bá ti gorí ọdún, ara á fi àpá dí ihò náà pa. Ibi tó bá ti ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí tí kò ní ojú ihò kankan mọ́, ó ṣòro kó tó hù. Ṣùgbọ́n kó lọ rí dókítà awọ, kò pẹ́ jù fún èyí tó kù. Kó dì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó kó o lówùú láìfún, kó gẹ̀ ẹ́ pàápàá bó bá wù ú. Ẹ sọ fún un. Ẹ má jẹ́ kó máa bá ìyá ọkọ ẹ̀ jà lórí òwú.

---

Onídìrí Òdò-Ẹ̀gìrì | 13 Oṣù Keje, 10:41 alẹ́

Mo máa pè é lọ́la. Ẹ bá mi fi sádùúrà.

---

Àdùkẹ́ Pupa | 14 Oṣù Keje, 11:05 àárọ̀

Níwọ̀n ìgbà tí Nọ́ọ̀sì ti wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, kíríìmù wo ló ń mú oríkèé ìka pupa? Gbogbo ara mi ti jáde, oríkèé ìka nìkan ló kù tó ń tú mi fó. Kẹ́ni kẹ́ni má wàásù fún mi o, owó mi ni.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ | 14 Oṣù Keje, 3:40 ọ̀sán

Àdùkẹ́, mi ò ní wàásù. Awọ oríkèé nípọn, ó ṣẹ́ léra, ó máa ń dúdú ju ibòmíràn lọ, kíríìmù yòówù kó jẹ́, òun ló ń gbẹ̀yìn. Mo sọ bí mo ṣe máa ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó ní sítírọ́ọ̀dù nínú máa ń sọ awọ di tẹ́ẹ́rẹ́. Tí a bá fẹ́ rán ọgbẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀, òwú lè máa gé e lọ bí ẹni ń rán bébà tó ti rin. Haidirokuinónì tó bá pẹ́ lára lè yí padà, kó sọ ibi tó yẹ kó pupa di dúdú bí eérú mọ́ búlúù, èyí kì í sì í fẹ́ lọ mọ́. Mẹ́kúrì ń wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ yí ike kíríìmù yín wò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan, ẹ̀rù yẹn ni kó bà yín jù.

Ẹ má sì dá a dúró lójijì bó bá jẹ́ sítírọ́ọ̀dù ni. Ẹ lọ rí dókítà kó dín in kù díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú á wú.

---

Àdùkẹ́ Pupa | 14 Oṣù Keje, 3:58 ọ̀sán

Wọn ò kọ nǹkan kan.

---

Ìyá Bùkà | 14 Oṣù Keje, 8:12 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá: mo gé ata rodo lónìí, ọwọ́ mi ń jó bí iná, mo fọ̀ ọ́ lómi ìgbà mẹ́wàá, kò lọ!

---

Tíṣà Bàọ́lọ́jì | 14 Oṣù Keje, 8:15 alẹ́

Epo, ìyá wa! Ẹ fi epo ra á, ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi kì í yọ́ oró ata, epo ló ń yọ́ ọ. Ẹ má fọwọ́ kan ojú o.

Ata ò sì jó yín rárá. Ọ̀nà kan wà lára okùn ìmọ̀lára tó máa ń ṣí bí nǹkan bá gbóná ju ìwọ̀n lọ, oró ata ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ọpọlọ gba ìròyìn iná níbi tí iná ò sí. David Julius tó wá ọ̀nà yẹn rí wà lára àwọn méjì tó gba Ẹ̀bùn Nobel ìṣègùn lọ́dún 2021.

---

Ìyá Bùkà | 14 Oṣù Keje, 8:33 alẹ́

Ó ti rọlẹ̀. Ẹ sọ fún Julius kó wá jẹ ọ̀fadà lọ́fẹ̀ẹ́.

---

Ìyá Télọ̀ Ẹ̀pẹ́ | 15 Oṣù Keje, 7:25 alẹ́

Èmi ni mo da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo tún ti mú òmíràn dé. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ èékánná ni mo ti ń wo tèmi. Mo rí i pé ìlà kan dábùú àtàǹpàkò mi méjèèjì, bí ìgbà téèyàn fi rúlà fà á. Tí mo bá fi ìka pa á, ó jìn. Ó wà lára àwọn yòókù náà, kò kàn hàn tó bẹ́ẹ̀. Ará ilé kejì ní àmì àìríná-àìrílò ni. Ṣé kí n máa gbààwẹ̀?

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ | 15 Oṣù Keje, 8:03 alẹ́

Ẹ má gbààwẹ̀. Ẹ mú téèpù yín. Láti etí awọ lẹ́yìn èékánná dé ojú ìlà yẹn, mílímítà mélòó?

---

Ìyá Télọ̀ Ẹ̀pẹ́ | 15 Oṣù Keje, 8:09 alẹ́

Mẹ́fà. Ó ku bíi mẹ́jọ kó tó dé orí.

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ | 15 Oṣù Keje, 8:20 alẹ́

Èékánná ọwọ́ ń gùn tó mílímítà mẹ́ta lóṣù. (Ti ẹsẹ̀, bíi mílímítà kan péré, tó bá yọ pátá, ó lè gbà tó ọdún kan ààbọ̀ kó tó pé.) Mílímítà mẹ́fà, oṣù méjì nìyẹn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un, torí abẹ́ awọ ni èékánná ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi funfun tó dà bí oṣù lẹ́yìn àtàǹpàkò yín yẹn, ẹnu ilé-iṣẹ́ ẹ̀ lẹ̀ ń wò, ìyókù wà nínú. Mo lè sọ pé ara yín ò yá gidi ní ìparí oṣù Kẹrin, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ṣé mo parọ́?

---

Ìyá Télọ̀ Ẹ̀pẹ́ | 15 Oṣù Keje, 8:24 alẹ́

Yéè! Ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ni wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, taifọ́ọ̀dù, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sùn síbẹ̀! Ta ló sọ fún yín?

---

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ | 15 Oṣù Keje, 8:37 alẹ́

Èékánná yín ló sọ ọ́. Nígbà tí ibà yẹn mú yín, ara ní ohun tó ṣe kókó jù ú lọ, ó dáwọ́ iṣẹ́ èékánná dúró. Nígbà tó padà síbẹ̀, kòtò ti wà lójú iṣẹ́. Bí ìgbà tí NẸ́PÀ mú iná lórí máṣíìnì yín ni. Kò ṣe nǹkan kan, á gùn jáde.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ìlà dúdú tó gùn láti ẹ̀yìn èékánná wá síwájú. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní in lórí ìka bíi mélòó kan, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìka kan ṣoṣo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú ẹ̀ ti tàn sórí awọ, ẹ má jókòó nílé. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹ́lánínì. Kò wọ́pọ̀ lára wa, bó bá sì dé, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló máa ń fara pamọ́ sí. Bob Marley, abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni wọ́n ti rí tiẹ̀ lọ́dún 1977. Ó kú lọ́dún 1981, ọmọ ọdún 36.

---

Ọmọ Pópó-Ọba | 15 Oṣù Keje, 8:41 alẹ́

Gbogbo wa ti ń wo ẹsẹ̀ báyìí.

---

Onídìrí Òdò-Ẹ̀gìrì | 2 Oṣù Kẹjọ, 10:10 alẹ́

Mo ní kẹ́ ẹ mọ̀: mo pe obìnrin yẹn. Ó kọ́kọ́ gé fóònù mọ́ mi létí. Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá, ó ní kí n gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbé e lọ bá Gbajámọ̀ Ayétòrò, ó fi díẹ̀ sílẹ̀.

---

Ìyá Télọ̀ Ẹ̀pẹ́ | 4 Oṣù Kẹwàá, 6:50 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ìlà ti dé etí. Mo gé e lónìí. Ìyá mi ní kí n má jẹ́ kó já sílẹ̀, pé èèyàn kì í fi èékánná sílẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀, ni mo bá gé e sínú àwo. Ọmọ mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú nóòtì ẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Taifọ́ọ̀dù ìyá mi, oṣù Kẹrin."

Ìyá mi wò ó títí. Wọ́n ní kó fi àyè sílẹ̀ sísàlẹ̀ fún pélé àwọn, bó bá jábọ́.